Ọ̀nà Àgbádárìgì: Bí Ọmọ Fásitì Ṣe Lè Mọ Ayé Láìwọ Ọkọ̀ Òfuurufú

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù ní Àjárá, ní Àgbádárìgì, tí èrò ti ń pọ̀ ní ilé oúnjẹ Abúlé Èdè Faransé. Ọmọbìnrin kan tó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá, tí kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán, fẹ́ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń to gbólóhùn náà jọ. Nígbà tó dé iwájú ìyá olóúnjẹ, gbogbo rẹ̀ pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó na ìka sí ìkòkò.

Ìyá olóúnjẹ kò mú ṣíbí. "Ṣé Faransé kọ́ lo wá kọ́ ni? Fi Faransé bèèrè."

Ègùn ni ìyá yìí, kò sì kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ègùn ló ń sọ nílé, Yorùbá ló fi ń nájà, ó ní Gẹ̀ẹ́sì tó lè bá ọlọ́pàá ojú ọ̀nà sọ, ó sì ní Faransé tó fi ń bá àwọn àna rẹ̀ ṣàwàdà ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin. Ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ ti fi ọdún méjì ka Faransé ní fásitì. Ó mọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Paris, ó mọ gírámà tí ìyá yìí kò gbọ́ rí. Ẹ̀wà ni kò rí rà.

Nígbà tó yá, ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ. Ìyá náà bu ẹ̀wà fún un, ó tún gbólóhùn náà sọ bí àwọn ará Kútọnu ṣe máa ń sọ ọ́, ó sì ké sí ẹni tó kàn.

Lórí irú nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níwájú ìkòkò ẹ̀wà yẹn ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ ìwé ńláńlá lé káàkiri ayé. Wọ́n ní fásitì òde òní gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn sí gbogbo ayé, kí ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ níbikíbi. Ní Nàìjíríà, bí a bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Èrò tèmi ni pé pápákọ̀ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Náírà ló tẹ abúlé náà dó

Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó, tó wá ronú pé Àjárá ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ Faransé. Nígbà tí owó epo ṣì rọ̀ ṣọ̀mù, ẹni tó bá ń kàwé gboyè nínú èdè náà ní fásitì Nàìjíríà mọ̀ pé òun yóò lo àkókò kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́: ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tàbí Lòmé ní Tógò. Ara ẹ̀kọ́ ni ìrìn àjò yẹn, kì í ṣe ìgbafẹ́.

Ní 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP dé. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Iye tí wọ́n ń ná lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan lókèèrè ń wú bí wọ́n bá ti ṣírò rẹ̀ sí owó ilẹ̀ wa, títí apá kò fi ká a mọ́. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo fásitì lè wá lo àkókò òkèèrè wọn nílé.

Ibi tí wọ́n yàn mọ́gbọ́n dání. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà. Àwọn Ègùn wà ní ìhà méjèèjì ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sáàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ Benin. Rédíò tó ń sọ Faransé ń wọlé kedere sí etí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ìlànà abúlé náà ni pé Faransé ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ, ní kíláàsì àti ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin kan tó kàwé níbẹ̀, tó ti di olùkọ́ ní Abẹ́òkúta báyìí, bú sẹ́rìn-ín nígbà tí a bi í bóyá wọ́n pa ìlànà náà mọ́. "Lọ́sàn-án, a pa á mọ́. Tí iná bá ti kú lálẹ́, pijin ni gbogbo wa ń sọ." Ó ní ọjà ẹnubodè ni òun ti gbọ́ Faransé tí kò jọ ti inú ìwé. "Obìnrin kan tó ń ta aṣọ bú mi, gbogbo èébú náà sì yé mi látòkè délẹ̀. Inú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ yẹn."

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, Àjárá kì í ṣe Lòmé. Ọmọ tó wà láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀ lè sá padà sínú èdè tó mọ̀ nígbàkígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tí àwọn ọ̀gá fásitì ń fọwọ́ sí níwájú kámẹ́rà kò ní: aládùúgbò tí kò ní bu oúnjẹ fún ọ àfi tí o bá yanu.

Ìbàdàn, 1948

Láti òkèèrè ni fásitì tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì fásitì Ìbàdàn ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Kenneth Mellanby, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Dìgírì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ títí di 1962 tí Ìbàdàn fi dá dúró. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon tó jẹ́ ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì ló ya àwọn ilé tí àwọn ọmọ Great Ife fi ń yangàn títí dòní.

Ìyẹn kò wá sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà mọ ayé tán. Àjèjì ló kọ́ wọn, àmọ́ ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wòta. Ìgbà tí Kenneth Dike àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn Áfíríkà láti ẹnu àwọn tó ni ín, ni fèrèsé kejì tó ṣí. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni Ìbàdàn ti di fásitì tí ayé ń wá, nítorí pé ó ní ohun tí Lọ́ńdọ̀nù kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka tirẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980: ará Gánà, ará Íńdíà, ará Pólàńdì, ará Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ń jiyàn lórí ìbéèrè ìdánwò. "Nígbà tí owó oṣù kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú mọ́, wọ́n di ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò ṣe ìsìn ìdágbére fún wọn." Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé, kó kàwé, kó sì gboyè jáde láìrí olùkọ́ kan tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ẹni tí kò ní rìnrìn àjò

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìrìn àjò ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé. Ètò Erasmus bẹ̀rẹ̀ ní 1987 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 11 àti akẹ́kọ̀ọ́ 3,244. Láti ìgbà náà, ó ti lé ní mílíọ̀nù 10 èèyàn tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Pẹ̀lú gbogbo owó tí wọ́n ń ná, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣì ń kàwé jáde láìkúrò nílé.

Ìlú Malmö ní Swídìn ni ẹnì kan ti fi ojú mìíràn wo ọ̀rọ̀ yìí. Fásitì tuntun ni wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1998. Bengt Nilsson, tí wọ́n ní kó bójú tó àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, dé ibẹ̀, ó sì bá ọ́fíìsì tí kò tíì ní alájọṣe kankan tó lè rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú náà kún fún àwọn tó ti oríṣiríṣi ilẹ̀ ṣí wá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí kò ní rìnrìn àjò náà mọ ayé, nílé. Wọ́n ti ń fi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ṣe olùtọ́sọ́nà fún ọmọ àwọn àjèjì ìlú náà: akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ kan, kí wọ́n jọ máa jáde, kí wọ́n jọ máa ṣeré. Ètò náà tàn dé àwọn fásitì mìíràn ní Yúróòpù.

Ní 2018, àjọ OECD tó ń ṣètò ìdánwò PISA fún àwọn ọmọ ọdún 15 fi ìmọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá ayé lò kún ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lè wo ọ̀rọ̀ tó kan àdúgbò rẹ̀ àti ayé lápapọ̀, bóyá ó lè fi ojú ẹlòmíràn wo nǹkan, bóyá ó lè bá àjèjì sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àti bóyá ó lè gbé ìgbésẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn. Kò sí pásípọ́ọ̀tù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Obìnrin kan tó ń gba èèyàn síṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó sọ tirẹ̀ láìfi epo bọ iyọ̀. "Èmi kì í bèèrè ibi tí o ti rìn dé. Mo máa ń bi wọ́n pé, ìgbà wo lo gbà kẹ́yìn pé ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ ló mọ ọ̀nà jù ọ́ lọ? Ọ̀pọ̀ wọn á kàn máa wò mí. Àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé náà á máa wò mí."

Àwa kúkú ti ní ètò tó yẹ kó kọ́ni nírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nílé. Torí kí ọmọ Ìbàdàn lè mọ Sókótó, kí ọmọ Ẹnúgu lè mọ Ìlọrin, ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973. Ẹ bi àwọn òbí bí wọ́n ṣe sáré kiri kí wọ́n tó yí lẹ́tà ọmọ wọn padà sí Èkó.

Ìwé ẹ̀rí láti Kútọnu

Ẹni tó bá sì rò pé ẹsẹ̀ tó bá ti kọjá ààlà ti kọ́gbọ́n, kó wo Kútọnu.

Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Daily Nigerian fi hàn pé òun gba dìgírì láti ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìjókòó ní kíláàsì rárá. Ó ní ìwé ẹ̀rí, ó ní èsì ìdánwò, ó sì fi wọ́n dé ibùdó àgùnbánirọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní 2024 tó parí, ìjọba Nàìjíríà ti kéde pé àwọn dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró.

Àṣẹ náà gba ojú ẹlẹ́bi àti aláìlẹ́bi. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin jókòó ti ìwé rẹ̀ ní fásitì gidi di ẹni tí wọ́n ń wò bí olè níbi tó ti ń wáṣẹ́. Àmọ́ kí jìbìtì yẹn tó tú síta ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà nílẹ̀. Ìyá kan ní Ọ̀tà tí ọmọ rẹ̀ lo ọdún méjì ní Kútọnu sọ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, ọmọ Nàìjíríà ni onílé wọn, àmàlà ni wọ́n ń jẹ, fíìmù Yorùbá ni wọ́n ń wò. "Nígbà tó dé, mo ní kó bá mi sọ Faransé díẹ̀. Ó ní, 'Màmá, bonjour.' Mo dúró pé á tún sọ òmíràn. Ó ti tán."

Ará Yaoundé tó wà ní Èdè

Ẹ wá wo ìdàkejì. Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù, kàwé ní Yaoundé kó tó wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó lọ sí Harvard, ó sì padà wá ṣe ọ̀gá ibùdó ìwádìí nípa àbùdá àwọn kòkòrò àrùn ní Yunifásítì Redeemer's, ní Èdè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó tètè fi ẹ̀rí hàn pé òun ni. Ní oṣù kẹta 2020, ní Èdè yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà ní gbogbo Áfíríkà.

Owó tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ran irú àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní 2014 kì í ṣe owó ọ̀fẹ́ lásán. Ara ohun tí wọ́n ń kà kí wọ́n tó san án ni iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn lágbègbè yìí. Ní Ìbàdàn náà, ẹ̀ka kan nínú Yunifásítì Gbogbo Áfíríkà (Pan African University), tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2011, wà níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ilẹ̀ tí à ń gbé. Ó máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ láti ilẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tó ń sọ Faransé ló sì ń pàdé níbẹ̀.

Olùkọ́ kan tó mọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ dáadáa ní kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọmọ náà á kàn dà pọ̀ fúnra wọn. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ń jókòó. Àwọn ọmọ wa á máa fi Yorùbá takùrọ̀sọ lẹ́yìn, àlejò á máa wo ojú wọn." Ó tú wọn ká, ó fi wọ́n sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ọmọ Málì kúrò lọ́dọ̀ àwọn, pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń fà. Kò gbà. "Nígbà tí iṣẹ́ dé orí ọ̀dá àti ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn wọ̀nyẹn kò mọ nǹkan kan. Ọmọ Málì yẹn dàgbà sínú rẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é kó parí gbólóhùn rẹ̀."

Ó fi kún un pé òun kò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń darí irú kíláàsì yẹn. Wọ́n gba àlejò wọlé, wọ́n fún un ní yàrá, ó parí. Èyí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a gbọ́.

Èdè tiwa náà ń fa àlejò

Ní 1959 ni wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti ìlà oòrùn ayé sílẹ̀ ní fásitì ìjọba tó wà ní Bahia, ní Bràsíl. Kò pẹ́ tí Ebenezer Láṣebìkan fi ti Nàìjíríà lọ kọ́ wọn ní Yorùbá. Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, kọ́ni ní Ifẹ̀, ó kọ́ni ní Bahia, ó kọ́ni ní Florida, ó sì di alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO kó tó kú ní 2020. Yorùbá tó gbọ́ dójú àmì ni ó gbé kiri, torí rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń pè é.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà náà ti wá gbé Ìbàdàn kọ́ èdè yìí, tí wọ́n fi wọ́n sílé àwọn ẹbí, tí wọ́n sì yan akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tì wọ́n láti máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe àlejò nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àlejò òun bi òun pé kí ló dé tí à ń kí ẹni tó ń ṣe irun, tí à ń kí ẹni tó ń jẹun, tí à ń kí ẹni tó jókòó lásán. "N kò rí ìdáhùn. Mo ní láti pe bàbá mi àgbà lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sí bí a ṣe ń kíra wa."

Ohun tó ń dí ọ̀nà

Kò sí fásitì òkèèrè tó lè bá wa dá ọjọ́ tí kò ní yẹ̀. Láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, yanṣẹ́ lódì. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n tún fi ti ilẹ̀kùn. Ọmọ Jámánì tó fẹ́ lo sẹ́mẹ́sítà kan lọ́dọ̀ wa ní láti bèèrè ìgbà tí sẹ́mẹ́sítà náà máa bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn.

Àwọn ilẹ̀kùn tó kọjú sóde náà ń pa dé. Láti oṣù kìíní 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kàwé máísítà mú ìyàwó tàbí ọkọ dání mọ́. Ní 2025, ìjọba wa fòpin sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ń gbé ọmọ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí a bá ṣàdéhùn. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, náà dá èyí tó fi ń rán àwọn olùkọ́ lọ sókèèrè dúró. Ara ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn kan lọ, wọn kò padà. Kí ló máa mú wọn padà?

Méjìlá nínú ogún

Ní fásitì kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, olùkọ́ kan kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ni ní Parakou, ní àríwá Benin. Àwọn méjèèjì so kíláàsì wọn pọ̀ lórí WhatsApp: ọmọ méjì láti ìhín, ọmọ méjì láti ọ̀hún, kí wọ́n jọ ṣèwádìí nípa iye owó gààrí ní ọjà ìlú méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ìwé kan ṣoṣo ní èdè méjì. Ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ bi í pé owó wo ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ó ní dátà òun ni.

Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Máàkì ló dá ìjà sílẹ̀. Ogún ni wọ́n ń gba máàkì lé lórí ní Benin, ọgọ́rùn-ún ni tiwa. Lójú olùkọ́ Parakou, méjìlá nínú ogún jẹ́ iṣẹ́ tó dára tó láti fi yìn ọmọ. Lójú àwọn ọmọ Ọ̀ṣun, ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ẹ̀sùn. Ọdún mẹ́ta ni dìgírì àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún, mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́ níbí. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ṣe àdéhùn kan ní Addis Ababa ní 2014 lórí bí wọ́n á ṣe máa gba ìwé ẹ̀rí ara wọn wọlé, ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò sọ iye tí a ó fún àwọn ọmọ tó wọn gààrí.

Àwọn olùkọ́ méjèèjì wá pinnu pé àwọn á jọ máa ka ìwé kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí máàkì rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ gba wákàtí kan gbáko. Nígbà tí a bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀, orí ìwé kẹta ni wọ́n wà, wọ́n ṣì ń jiyàn.